Efinrin Abẹ́ Gílóòbù

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì ń kọ́lé l'Ékòó. Aládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gba oòrùn lọ́wọ́ àgbàlá wa pátápátá. Ìyá mi kò bá a jà. Èmi ló wò lójú. Ó ní, "Bí efinrin mi bá kú, Ìjẹ̀bú yá nìyẹn. Mi ò lè gbé ibi tí ewé ò lè gbé." Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi mú un wá sọ́dọ̀ mi, mi ò sì fẹ́ kí ó lọ rárá.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan iná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbé gílóòbù gígùn funfun kan wálé, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, ọkọ mi sì gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A to agolo ọ̀dà sí abẹ́ rẹ̀: efinrin fún inú rírun, rinrin, ewúro, àbámọdá fún ikọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní, "Gílóòbù kékeré pupa ni mo fi ń jẹun, ewúro ń jẹ̀gbádùn iná ọ́fíìsì!" Ìyá mi ní kí ó fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, ọjọ́ tí inú bá ń run ún, yóò mọ ẹni tí iná tọ́ sí.

Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi ṣe: ewé gbọ́dọ̀ sùn. Ó ní ewé tí kò sùn kò lè jíṣẹ́ tí a bá rán an, ẹni tó bá sì fẹ́ já a lálẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, bí mọ́sálááṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá ti pe ìrun mọ̀gàríbì, ìyá mi, ògbólógbòó ọmọ ìjọ Áńgílíkà, yóò dìde pa gílóòbù. Àwa ènìyàn a wá máa táràrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí oorun ewé. Mo bi í pé ìgbà wo ni efinrin rẹ̀ di mùsùlùmí. Ó ní, "Oorun ò mọ ẹ̀sìn."

Nígbà tó lọ síbi ìkórè ìjọ wọn ní Ìjẹ̀bú, èmi ló fi ewé sí lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó lọ ni iná lọ, kò sì dé bọ̀rọ̀. Àánú efinrin ṣe mí, mo ní kí n fi omi dípò iná. Mo bu omi sí i láàárọ̀, mo tún bu sí i lálẹ́. Kí iná tó dé, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà. Mo sáré lọ sí Èbúté Èrò, mo ra efinrin tòun ti gbòǹgbò lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, mo gbìn ín sínú agolo kan náà, mo sì bu eruku díẹ̀ sí i lára kí ó lè jọ ará ilé.

Ìyá mi dé, kò tíì jókòó tó ti lọ kí àwọn ewé rẹ̀. Ewé abẹ́ gílóòbù wa máa ń fẹ́lẹ́, ọrùn wọn a gùn. Èyí nípọn, ó sì dúdú minijọ. Ó fọwọ́ kàn án.

"Àlejò wo rèé?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Omi ni mo fi pa tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ." Omijé ti ń bọ́ lójú mi, èmi ìyá ọlọ́mọ.

Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, ìyá mi sì na ọwọ́ sí ibi ìpaná.

"Inú oòrùn ni wọ́n ti tọ́ eléyìí," ló wí. "Kò mọ ìgbà tí à ń sùn nílé yìí. Bí mo bá lọ, ta ni yóò kọ́ ọ?"

Ó paná, ó ní kí n gbé àpótí òun wọ yàrá.