Kànga Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Gbọ́n Mọ́

Mo rántí òórùn rẹ̀ dáadáa, òórùn kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, tó máa ń jáde látinú kànga agboolé wa ní Ìkirè láàárọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n ṣe fún wa lórí oògùn omi, wọ́n fún wa ní fìlà àti ìwé ẹ̀rí, ni mo bá di ọ̀gá. Mo gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sí pálọ̀. Ọ̀dẹ̀ paraku.

Kí n tó dọ̀gá, lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọkùnrin ilé wa máa ń gbọ́n kànga gbẹ, tí ẹnì kan á wọ inú rẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀ àti ewé kòkó tó ti jẹrà síta. Èmi ni mo fòpin sí i. Mo ní kí wọ́n yé jìyà lásán, oògùn ti ń pa gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Baálé wa bi mí pé, "Ṣé oògùn náà ló máa kó ẹrẹ̀ ọ̀hún?" Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí omi bá ti ń pọ́n, màá da oògùn kún un, títí òórùn á fi gba gbogbo ilé. Oyún wà nínú ìyàwó mi nígbà náà, omi yẹn ló ń mu. Èmi ni mo ní kó má ra omi inú ọ̀rá mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó mi lọ sọ́jà, nọ́ọ̀sì kan wá láti Àpòmù wá yẹ kànga wa wò. Ó fa omi, ó wo ewé inú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń da oògùn sí i?"

Mo tún fìlà mi ṣe, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní oògùn dára, òun ló ń lé onígbáméjì, ká má fi sílẹ̀. Àmọ́ tó bá pàdé ewé jíjẹrà, àwọn méjèèjì á di nǹkan mìíràn nínú omi, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ fẹ́ni tó bá mu ún fọ́dún gbọọrọ, kò sì dáa fún aláboyún. "Ìdọ̀tí lẹ máa kọ́kọ́ kó. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Wọ́n sọ. Ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Ẹran ni mo ń wò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi fúnra mi ni mo wọ kànga. Baálé dúró lókè, wọ́n ń fa garawa ẹrẹ̀.

Ọmọ wa ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ewu ti kọjá, ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Tí ọmọ náà bá ti ní inú ń run òun, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde. Ìyàwó mi rò pé ìfẹ́ ọmọ ló ń dà mí láàmú. Mi ò tíì sọ fún un.