Ìwé Keje Nínú Aṣọ Kàlẹ́ńdà

Orúkọ mi ní kíkún gùn, ó sì ní iyì, nítorí náà n kò ní í kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tó dá lórí ewúrẹ́ tó ń fò. Kí òǹkàwé fi èyí mọ̀ mí: ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ bíbí Kàbà, àgbà nínú ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bí olùkọ́ mẹ́ta. Ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ìwé tí a kò tíì fi bébà bò kò tíì di ìwé.

Òfin náà kò tíì kúrò lára mi. Gbogbo ìwé tó bá wọ ilé mi, kàlẹ́ńdà ìjọ ti ọdún tó kọjá ni mo fi ń bò ó, ẹ̀yìn funfun síta, láìkọ ohunkóhun sí i. Ẹni tí kò bá lè dá ìwé tirẹ̀ mọ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wá láti Abùjá lo ìsinmi Àjíǹde lọ́dọ̀ mi. Ó kó ìwé mẹ́fà tó jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo wá. Ìkeje ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bàbá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí i. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀ abìyẹ́, tí wọ́n ń wá odò ìlú wọn tí àwọn kan jí gbé. Ìwé ìkẹyìn yìí la ó ti mọ̀ bóyá odò yóò padà, àti bóyá ewúrẹ́ yóò délé láàyè. Odidi ọdún kan ni ọmọ náà ti ń dúró dè é.

Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Mo tún sọ pé kò gbọdọ̀ ṣí i kí n tó bò ó. Mo bò ó dáadáa, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àlàyé Bíbélì mi, tí òun náà wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tó sì sanra tó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, yà láti Ìyámoyè wá yá ìwé àlàyé náà fún kíláàsì Bíbélì àwọn ìyá ìjọ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ìwé fún un. Nígbà tí ọmọ náà ti ilé ìwẹ̀ dé, ó ṣí èyí tó kù, ó bá Léfítíkù pàdé. Ẹkún tó sun, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ka Léfítíkù rí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi pe fóònù àbúrò mi, kò gbé e. Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyámoyè. Lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la bá kíláàsì Bíbélì náà: àwọn ìyá ń bó ẹ̀gúsí, àbúrò mi ń tú òyìnbó ìwé wa sí èdè ilé fún wọn.

“Okun o, Màmá Tíṣà,” ni wọ́n kí mi. Kò sí ẹni tó gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù,” ni àbúrò mi wí. “Orí ìkẹyìn la wà.”

Ọmọ ọmọ mi fi ìka di etí. “Ẹ má sọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni ín!”

“Jókòó kí o gbọ́, ìyá mi,” ni ìyá kan wí. “Ọfà ti bà á níyẹ̀ẹ́.”

“Ìwọ náà! Ta ló ní kí o sọ ìyẹn?” ni ẹnìkejì rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

“Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,” ni mo wí, “ṣé ẹ̀kọ́ Bíbélì nìyí?”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ fún wa. A ń retí ibi tí Mósè yóò ti wọlé.”

Mo nawọ́. Ẹni tó ni ìwé ni yóò kọ́kọ́ mọ òpin rẹ̀. Àbúrò mi pa á dé, ó rọra gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun.

“Ẹ máa mú ewúrẹ́ yín lọ,” ni ẹni tó dárúkọ ọfà wí. Kò sìn wá jáde.

Ọmọ náà kà á tán lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣé ewúrẹ́ náà délé?” ni mo bi í, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

“Màmá àgbà, ṣebí ẹ ní irọ́ ni?”

“Irọ́ náà lópin.”

“Mo máa kó wọn padà wá nísinmi tó ń bọ̀. Ìwé kìíní lẹ máa kọ́kọ́ kà.”

Àwọn ìyá Ìyámoyè ń pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́: ó délé ni, àbí kò délé? Mo ń dá wọn lóhùn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí fóònù. Ọjọ́ tí ọmọ náà padà sí Abùjá lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí ni mo rí àwọn ìwé náà kẹ́yìn, méjèèje nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, nínú aṣọ kàlẹ́ńdà tí mo wọ̀ fún wọn.