Ihò Ara Bíréèkì Bàbá

Mo rántí òórùn ìpẹtà tó gbà mí nímú lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ eré ìje kan ní Ayọ̀bọ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù nídìí iṣẹ́ mẹ́káníìkì, àmọ́ bí mo ṣe ń gbé àpò sípánà kiri àdúgbò, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ nìkan ni mo ní.

Ìyá kan, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ náà sáré ìje nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé wọn. Rọpárọsẹ̀ ti wá dá bàbá náà dùbúlẹ̀, ó ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin ní Igando. Wọ́n ní ìtàn lásán ni bàbá àwọn ń pa, pé ọkọ̀ játijàti ni. Ìyá kọ̀, nítorí bàbá máa ń sọ pé ọwọ́ òun ni òun fi ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ àti bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wò ó. Ohun tí mo bá ti wí, abẹ gé e.

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó dáadáa," ni ìyá wí. "Ṣé ti ọkọ̀ eré ìje ni lóòótọ́?"

Ẹnjiníà tó pè mí yẹn wú mi lórí. Mo yọ táyà, mo fi òòlù gbá dúrọ́ọ̀mù, irin roboto tó bo bíréèkì, títí ó fi bọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ló yí i ká. N kò rí irú ẹ̀ rí, àmọ́ mo ti pinnu pé wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé n kò mọ nǹkan. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ sókè bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe.

"Màmá, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù lásán rèé jàre. Ẹni tó sì lu ihò sára bíréèkì yìí ti bà á jẹ́. Ó ti kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù."

Kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ àwa mẹ́káníìkì nìyẹn. Tí a bá ti sọ ọ́ sí nǹkan, kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìyá ń wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi, mi ò sì bi í pé kí ló ń wò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Èmi gan-an ni mo bá wọn tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan ó lé, mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìkọ̀tún. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ihò yẹn, ṣé wọ́n gún régé, àbí wọ́n rí gbágungbàgun?"

"Wọ́n gún, sà. Bíi pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n."

"Ṣé o ha ìpẹtà kúrò kí o wo nọ́ńbà ara irin? Ṣé o yí táyà, kí o ka iye ìgbà tí ṣáàfù, irin tó ń yí i, yí, kí o lè mọ̀ bóyá ti eré ìje ni?"

N kò ṣe ìkankan. Ọ̀gá ní bíréèkì tó bá gbóná lórí eré kì í mú ọkọ̀ dúró dáadáa mọ́, pé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ni wọ́n ṣe lu ihò sí i. Irin píkọ́ọ̀pù sì lágbára, òun ni àwọn tó gbọ́n ń fi sẹ́yìn ọkọ̀ eré ìje. "Ẹni tó ṣe nǹkan yẹn mọṣẹ́ jù ẹ́ lọ," ló wí. Òótọ́ ni mo sọ nípa píkọ́ọ̀pù, òótọ́ yẹn náà ni mo fi sọ bàbá náà di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo lọ wá irin náà ní Igando. Wọ́n ti gé e. Mo bá gba Ayọ̀bọ̀ lọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá. Kò bínú.

"Yàrá bàbá ni fèrèsé yẹn," ló wí. "Gbogbo ohun tí o sọ ni wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọjú sí ògiri."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ sọ òótọ́ fún wọn, mà."

"A ti sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi."

Kò pè mí ní Ẹnjiníà mọ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ẹgbẹ́dá báyìí. Àwọn oníbàárà máa ń yìn mí pé èmi nìkan ni mẹ́káníìkì tí àwọn mọ̀ tó lè sọ pé òun kò mọ nǹkan, kí òun lọ bèèrè. Wọ́n ní mo ní ìrẹ̀lẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kì í sọ fún wọn pé bàbá kan kọjú sí ògiri títí ó fi kú kí n tó kọ́ ọ.