Ohùn Tí Mo Tọ́jú

Orógbó ni ìyá mi fi tọ́ ohùn mi. Nílé wa ní Oǹdó, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á fún mi ní ẹyọ kan kí n rún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jọ pa ẹnu dé, a ó máa fi imú kùn títí ọ̀fun yóò fi gbóná.

Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ akọrin ní Àkúrẹ́, ọ̀gá wa ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá máa dá kọrin lọ́jọ́ Àìkú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán Sátidé. Mo gbà, èmi òmùgọ̀.

Sátidé kan, ìyá mi tí ara rẹ̀ kò yá pè mí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e, ó ní mò ń tọ́jú ohùn. Ìyá mi ní kí n má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, kí n kàn fi imú kùn díẹ̀ sí òun létí. Mo mi orí pé rárá.

Kí ìsìn ọjọ́ kejì tó parí, ó ti kú.

Lójú sàréè, wọ́n ní kí n kọrin. Ẹkún ti jẹ́ kí ohùn mi há. Àbúrò ìyá mi obìnrin na orógbó sí mi. Mo dá a padà. Ta ni mo tún fẹ́ tọ́jú ohùn fún?