Wo Ọwọ́ Rèfírì

Ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dùn mí: èmi ni mo kọ́ àbúrò mi láti máa dúró. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀. Wọ́n ní ojo ni. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè jí. Akọ̀ròyìn kan tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n lọ rì í mọ́ oríta, kí ọkọ̀ lè máa rí nǹkan yà fún. Ẹnu wọn á rẹ̀ wọ́n o! Tí ẹnì kan bá jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà láéláé.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún ni fèrè irin kan ti wà lọ́rùn mi, ọkọ mi sì máa ń sọ pé ìjọ̀gbọ̀n tí wọ́n so okùn mọ́ ni. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn gan-an ni ìyá wa kú. Bàbá wa ti lọ ṣáájú. Ọmọ ọdún méje ni àbúrò mi nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìyá ọmọ tí mi ò lóyún ẹ̀.

Pápá tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù wà ní òdìkejì títì sí ilé wa. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni bọ́ọ̀lù á yí bọ́ sójú títì, tí ọmọ náà á sì gbá tẹ̀ lé e láìwẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá níbẹ̀ kì í rọra rìn. Mo bá a wí títí, mo nà án, pàbó. Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún fèrè. Mo ní, "Tó o bá ti gbọ́ èyí, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ bá wà, ibẹ̀ ni kó wà. Tí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, kó wà lókè!" Mo fi kọ́ ọ láàárọ̀, mo fi kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé títì, mo fọn ọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró gbagidi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ha imú rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì ṣí fìlà lórí ọmọ náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrè bí ẹni pé èèyàn ni.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òyìnbó rí i, ó sì mú un lọ. Iwájú ló ń gbá. Iṣẹ́ ẹni tó wà níwájú kò ní àlàyé púpọ̀: gbá a sáwọ̀n. Tó bá ń wọlé, gbogbo ayé ni ẹbí ẹ. Tí kò bá wọlé, ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó bí ẹ. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ó ń wọlé. Nílé ìwé wa, àwọn tíṣà tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mo sun oorun ire.

Ní ọdún kẹta, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ kan. Èmi àti ọkọ mi, mẹkáníìkì tí gíríìsì kì í tán ní èékánná rẹ̀, jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Góólù kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ àbúrò mi, ó sáré kọjá àwọn adènà, ó wá ku òun àti gólì nìkan. "Gbá a!" ni mo pariwo. Ọkọ mi ti fò sókè. Ọmọ náà dúró.

Ó kàn dúró ni, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún òun. Gólì bẹ́ mọ́ bọ́ọ̀lù, ó gbé e. Rèfírì ń sáré bọ̀ ní tiẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò fọn nǹkan kan. Òǹwòran kan ló fọn fèrè láti orí ìjókòó, agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlélógún ni kò sì kà á sí. Wọ́n yọ ọmọ mi kúrò lórí pápá, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi.

Nígbà tó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ fèrè."

"Fèrè wo? Ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run dá etí fún ni? Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi sì dúró."

Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, tí mo bá rántí ẹ̀, ó ṣì ń ta mí lẹ́nu bí ata.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Òpó nìyẹn, lédè tiwọn. Tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn òǹwòran á máa fọn fèrè láti wò ó bóyá á dúró. Ó sì ń dúró nígbà míì. Kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n adènà tó mọṣẹ́ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàbù náà fi í yá àwọn mìíràn, nígbà tó yá wọ́n kúkú jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbé ní ìlú etí òkun kan tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síbi tó bá wù ú, nínú yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì, pẹ̀lú gólì kan tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó lọ sí òmíràn tí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọn kọjá. Ẹgbẹ́ kẹrin, títí di òní mi ò lè pe orúkọ rẹ̀; tí mo bá gbìyànjú, ahọ́n mi á takókó. Níbi gbogbo, òun ló ń kọ́kọ́ dé pápá, òun ló ń kẹ́yìn kúrò. Wọ́n ní kó máa gbá ẹ̀gbẹ́, ó gbá ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó jókòó, okùn bàtà rẹ̀ á sì dì pinpin títí eré á fi parí, tórí ẹnì kan kò mọ ìgbà tí wọ́n máa pe òun.

Mo ní, "Máa bọ̀ nílé. Wọn ò kúkú kàn ọ́ níṣòó mọ́bẹ̀."

Ó ní, "Àǹtí mi, èyí tí mo wá gbá, mi ò tíì gbá a."

Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà tó wá sílé fún ìsinmi kan. Ó tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwé, ó ń bá mi ru àga kọjá lágbàlá. Àwọn ọmọ kan ń ti ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ni mo bá fọn fèrè fún wọn. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ilé mi dúró gbagidi pẹ̀lú àga mẹ́ta lórí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì kanlẹ̀.

Mo ní, "Èyí tó dá ẹ dúró níwájú gólì lọ́jọ́ yẹn… èmi ni?"

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́, Àǹtí mi. Ẹsẹ̀ mi ni."

"O ti mọ̀ látọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi?"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé ẹ̀ ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí, àmọ́ ìbínú ló borí. Mo bínú sí ara mi, mo bínú sí irin lásánlàsàn tó wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Èmi tí mo so ó, èmi náà ni màá tú u. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, kí o ti wọ bàtà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò lórí pápá ilé ìwé. Mo wà ní igun kan pẹ̀lú fèrè, ọkọ mi wà ní igun kejì pẹ̀lú fèrè mìíràn, ó ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́. Aṣọ́nà ilé ìwé ni rèfírì wa, ó dúró láàárín pápá, fèrè tiẹ̀ wà lẹ́nu. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún àbúrò mi: "Tí etí ẹ bá gbọ́, kí ojú ẹ lọ wo ọwọ́ rèfírì. Tó bá nawọ́, dúró. Tí kò bá nawọ́, máa lọ, kódà kí ọ̀run máa ya bọ̀. Ẹsẹ̀ kì í dúró de ojú." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kàndínlógójì ló dúró fún fèrè tí kì í ṣe ti aṣọ́nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kó sinmi. Mo ní kí òun lọ sinmi ní gáréèjì ẹ̀. Ọmọ náà nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó padà lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn, a fọn títí ètè wa fi wú, kò dúró lẹ́ẹ̀kan.

Àṣé òògùn náà ti ṣiṣẹ́ jù! Ìgbà tó padà sí ilẹ̀ òyìnbó, rèfírì gidi ń fọn, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti fún un ní káàdì ìkìlọ̀ mẹ́ta, nítorí ó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́yìn tí eré ti dúró. Mo pè é, mo ní, "Mo ní kí o wo ọwọ́, mi ò ní kí o dití!" Díẹ̀díẹ̀ ni ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ra wọn yé.

Ọdún mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ẹgbẹ́ kẹfà gbà á fún ọdún kan péré. Kóòṣì wọn sọ fún un láìfepo bọyọ̀: tí wọ́n bá já sí ìpele ìsàlẹ̀, wọn ò ní nílò àgbàlagbà níwájú mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń pè é. Tí wọ́n bá já, bọ́ọ̀lù tán fún un nìyẹn, yẹ̀yẹ́ yẹn ni wọn á sì fi máa rántí rẹ̀. Ìdíje náà wá ku eré kan ṣoṣo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ borí. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí mi. "Àǹtí mi, ẹ wá wò ó, bó ṣe wù kó rí."

Lẹ́nu ọ̀nà pápá, obìnrin tó ń yẹ báàgì wò yọ fèrè mi jáde, ó sì wò mí bí ẹni tó rí ọ̀bẹ. Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ó gba fèrè, ó fún mi ní nọ́ńbà tí màá fi gbà á padà. Ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀.

Ìgbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí eré parí ni kóòṣì tó ju àbúrò mi sórí pápá. Kò sẹ́ni tó tíì gbá góólù. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn adènà bọ́ sí iwájú rẹ̀, ó sì gbá tẹ̀ lé e. Òun àti gólì nìkan ló kù, bíi tọjọ́sí. Láti apá ibi tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kejì jókòó sí, fèrè dún. Fèrè irin ni. Mo mọ ohùn irin. Ẹsẹ̀ tèmi gan-an dì mọ́ ilẹ̀ níbi tí mo wà.

Mo rí orí rẹ̀ tó yí, bí ẹni tó wo aago ara ògiri. Ọwọ́ rèfírì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò dúró. Gólì jáde sí i, àbúrò mi gbé bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, àwọ̀n mì. Ìgbà yẹn ni rèfírì wá nawọ́, ó nà án sí àárín pápá. Góólù!

Mo kígbe débi pé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mi ò mọ̀ rí, dì mọ́ mi, àwa méjèèjì ń sunkún. "Òpó! Òpó!" ni gbogbo pápá ń kọ, kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́. Góólù yẹn ló gbé wọn dúró sí ìpele wọn. Kóòṣì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, kó tó bọ́ bàtà, pé ó di ọdún méjì sí i.

Mo gba fèrè mi, mo lọ dúró níta, ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde. Ó jáde pẹ̀lú báàgì léjìká, èrò bò ó, kò rí mi. Ó kọrí sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ó ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sójú ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo fọn ọ́n.

Gbogbo èèyàn wo ibi tí mo wà. Àbúrò mi kò wò rárá. Ó dúró gbagidi létí títì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Àǹtí mi," ó ní, kò tíì yíjú, "ṣé kí n gbé e sílẹ̀?"

Mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀ ná. Mo lọ bá a, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dì í lọ́wọ́ mú, a sì jọ sọdá.