Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Bíréèkì Gbé Mi Dé Warri

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi kúrò ní Ìbàdàn. Bùnmi, ìyàwó àbúrò mi, ló pè mí láti Warri, níbi tí ilé iṣẹ́ epo gbé ọkọ rẹ̀, Dípọ̀, lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì ló fi ń lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ ò bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, màá gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni mo san ní gáréèjì. Ọ̀nà dára díẹ̀ títí a fi kọjá Bẹ́nìn, lẹ́yìn náà ó di kòtò lórí kòtò. Nígbà tí a sún mọ́ Sápẹ́lẹ̀, awakọ̀ wa wẹ̀yìn wò mí: "Oga, hold your teeth." Ó ní kí n di eyín mi mú. Kò ṣàwàdà.

Sítáàṣì àti ọbẹ̀ bàǹgá ni Bùnmi fi kí mi káàbọ̀. Ẹyìn ni wọ́n fi ń se bàǹgá. Sítáàṣì, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwọn, ń fà ju ẹ̀bà tiwa lọ. Epo ni mo fi pa ìka kí n tó lè bù ú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Dípọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Fíksì ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí a mọ̀ nílé, bí o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, o lè sinmi ẹsẹ̀ kí táyà máa yí lọ. Ti fíksì kò rí bẹ́ẹ̀: bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ máa yí. Bí o bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ náà lo máa fi tako pẹ́dà. Mo gùn ún nínú ọgbà, mo gbàgbé, mo sinmi ẹsẹ̀. Pẹ́dà ta mí sókè bí ẹṣin tí kò mọ olówó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ àwọn àgbẹ̀ Mọ́níyà nìyí."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́. Ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Àwa tá a mọ̀ ọ́n gùn, ẹsẹ̀ wa ni bíréèkì."

Táyà rẹ̀ pupa, ṣéènì rẹ̀ pupa, ìjókòó pàápàá pupa.

"Ojú ọgbẹ́ náà á pupa," Bùnmi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀, a jáde ní Edjeba, àdúgbò wọn, a kọrí sí Airport Road. Kẹ̀kẹ́ Bùnmi ni èmi gùn. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé Dípọ̀ dùn ún wò: àfi bíi pé òun àti kẹ̀kẹ́ náà jọ ń mí. Lójijì, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró gbé èrò níwájú rẹ̀. Dípọ̀ tako pẹ́dà. Mo gbọ́ "pàá!" Ṣéènì já, kò sì sí ohun tó lè dá kẹ̀kẹ́ dúró mọ́. Ó yà bàrá, ó sì ṣubú sórí òkìtì yanrìn kan.

Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá bọ́ sílẹ̀. "Oga, you wan die for my back?" Ó ń béèrè bóyá ẹ̀yìn òun ló fẹ́ kú sí. Síbẹ̀, òun náà ló fà á dìde, tó gbọn yanrìn lára rẹ̀, tó sì júwe ọ̀nà ọ̀dọ̀ Bàbá Ayọ̀ fún wa. Ará Ìlàjẹ ni bàbá yìí, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Okumagba Layout.

Bàbá yí ṣéènì tó já náà lọ́wọ́. "Níbo lo ti rà á?"

"Orí fóònù ni, bàbá."

"Àwọ̀ lo rà, ọmọ mi. You no buy chain." Ó fún un ní ṣéènì dúdú kan. "Tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣó ń jó sọ́tùn-ún sósì bíi tìẹ?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ṣéènì ló fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́."

Ó fi ṣéènì dúdú náà sí i, ó sì so bíréèkì mọ́ táyà iwájú. Dípọ̀ sanwó fún méjèèjì.

Nígbà tí a délé, Bùnmi wo ìgúnpá ọkọ rẹ̀ tó bó. Ó di bíréèkì mú, ó fi gbogbo agbára ti kẹ̀kẹ́ náà. Kò lọ. Ó tún tì í.

"Ṣé kí n gbé e lọ?" mo bi í.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò bá rí bíréèkì yìí, Ìbàdàn ò jìnnà."

Lọ́jọ́ kejì mo padà sílé. Mọ́tò mi tí n kò gbé lọ ń dán níwájú ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ ìjókòó tuntun sí i ni. Bíréèkì rẹ̀ ti ń han láti bí oṣù mẹ́ta. N kò tíì wọlé tí mo fi pe mẹkáníìkì.