Bí A Ṣe Yan Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Lọ́nà Ọ̀dẹdá

Ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìjọ kan lọ́nà Ọ̀dẹdá. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn yan tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Wọ́n ní oníròyìn ni mí, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn lọ. Mo gbà. Ta ni í kọ oúnjẹ ìjọ?

Ẹni méjì ló wá. Èkíní ni Mísítà Jíbọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi táì fún ara rẹ̀ lọ́rùn bí ewúrẹ́ orí ìso. Èkejì ni Mísì Fọlákẹ́, tó ti ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ tipẹ́, tí wọn kò sì gbà síṣẹ́ gan-an. Bí wọn kò bá mú un lọ́jọ́ náà, ilé ló ń lọ. Gbogbo wa ló mọ̀.

Alága wa, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ owó orí tí àwọn obìnrin kọ̀ láti san ṣì gbóná nílùú nígbà náà. Bàbá ní àwọn obìnrin ti gba Abẹ́òkúta lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tán, ṣé ó wá ku ilé ìwé ni?

Ìbéèrè dá lórí ẹwà èdè Gẹ̀ẹ́sì: símílì tó ń fi nǹkan wé nǹkan, mẹ́tafọ̀ tó ń pe nǹkan ní nǹkan mìíràn, àti hàìpábólì, ìyẹn àsọdùn. Jíbọ́lá ka ìtumọ̀ wọn bí ẹni ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Alága ń mi orí. Mo wá kọ gbólóhùn kan sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀nà Papalanto jìn. Mo ní kó fi èyí tó wà níbẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn mí. Ó wò ó títí, ó làágùn, ó sì rí mẹ́ta. Mẹ́ta! Nínú ọ̀nà tí kò ṣe ju kó jìn lọ.

Ó kan Mísì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, nígbà tí ìyá yín ń kì yín láàárọ̀, tí wọ́n ń pè yín ní erin, ṣé wọ́n rí ọwọ́jà níwájú yín ni? Mẹ́tafọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ẹ dúdú bí kóró iṣin, símílì ni.”

“Ìkì inú ilé nìyẹn!” ni alága wí. “Ta ló sọ fún ọ pé Yorùbá ní mẹ́tafọ̀?”

“Òyìnbó náà ní ìyá, sà.”

Ṣé ẹ gbọ́? Àgbà yìí ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé títí ọkọ̀ òyìnbó fi gúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan wé nǹkan nílẹ̀ Ẹ̀gbá rí.

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì, ìbò tèmi ló kù. Kí n tó lanu, alága dìde. “Bí obìnrin yìí bá di tíṣà níbí, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ mi sílẹ̀. Mo kú nìyẹn.”

Àgbà kì í fẹnu pe ikú lásán lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti Mísì lẹ́yìn ń sọ pé kí àwọn má lọ pa bàbá. Èmi náà ti ń rò ó pé kí n tẹ̀lé bàbá.

Mísì kọjú sí i, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ̀rọ̀ yín yìí?”

Bàbá ti ṣe tíṣà pẹ́ jù. Bí ìbéèrè ṣe dé ni ìdáhùn jáde. “Hàìpábólì ni. Àsọdùn tí a kì í mú lóòótọ́.” Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbọ́ ohun tí òun sọ.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Mísì wí.

Mo dìbò fún un. Ó wọlé, bàbá sì ń jẹun dáadáa títí di òní.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó há orúkọ nǹkan sórí lè pàdé nǹkan náà lójú ọ̀nà kó má kí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Irú tíṣà wo ló kọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì? Bí ẹ bá ti bá irú alága bẹ́ẹ̀ jókòó rí, ẹ kọ ọ́ wá ká gbọ́. Ẹ lè bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí.